Ohun Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ẹkún Ọmọ Mi

Korobá ike ni ẹ̀rọ tó wà níkàáwọ́ mi ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ kan ní Zone industrielle ti Yopougon, ní Abidjan. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń dúró níwájú rẹ̀. Á pa ẹnu dé, á fẹ́ ooru, á tẹ ike náà mọ́lẹ̀, á tún la ẹnu, korobá á já bọ́. Láti ìgbà tó bá ti pa ẹnu dé títí tí korobá á fi já bọ́, ẹ̀ẹ̀méjìlá ló máa ń dún. Kú, kú, kú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ariwo lásán ni. Èmi ti kà á débi pé tó bá ti dún lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ọwọ́ mi á ti nà lọ gba korobá kí n tó rántí pé mo ní ọwọ́.

Ewì ni mò ń kọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìwé ọmọ iléèwé ni mò ń kọ ọ́ sí, mo ti kọ mẹ́tàdínlógún kún, wọ́n wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi. Iwájú ẹ̀rọ ni ewì ti máa ń wá bá mi, torí ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èèyàn á wà láàárín ogún èèyàn, á sì dá wà. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, màá ka èyí tí mo bá kọ lójúmọ́ fún un bó bá ń gé àlùbọ́sà. Á ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ewì yìí á mú iyọ̀ wá?" Lẹ́yìn náà á ní kí n tún ibì kan kà, ibi tó bá sì ní kí n tún kà, ibẹ̀ ló máa ń dáa jù. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti kú. Látìgbà náà, orí fóònù ni mò ń fi ewì sí, nínú ẹgbẹ́ àwọn akéwì kan tó wà nílé ní Nàìjíríà, àwọn náà á sì fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Àtàǹpàkò! Mo bá yín sọ̀rọ̀, ẹ na ìka sí mi.

Ọmọ Ṣakí ni ìyàwó mi. Ó ní nǹkan kan tó máa ń ṣe láràárọ̀. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ wa obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, á pe oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wá dákẹ́. Kì í kan ilẹ̀kùn. Kì í pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà míì ó máa ń pẹ́ kí ọmọ tó jí dáhùn. Èmi tí gbaka, ọkọ̀ akérò tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, fẹ́ fi sílẹ̀, inú á ti máa bí mi, màá ní, "Tún un pè, jàre, kó lè jí!" Á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń bọ̀." Bó bá yá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ láti inú yàrá, oorun kún inú rẹ̀: "Màámi, ẹ káàárọ̀." Yorùbá kan ṣoṣo tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láì kọsẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Abidjan ni. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dá wa lóhùn.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun ti rí ọkọ. Ọmọ Ìgbòho ni ọmọkùnrin náà, èbúté San-Pédro ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á sì máa gbé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wá wọ yàrá mi lọ, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo ògiri. San-Pédro kì í ṣe ìtòsí. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, àwa méjì la jọ wà nínú ilé yìí, bí ọ̀kan bá sì kúrò nínú méjì, gbogbo wa la mọ ohun tó kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wá bá mi. Ó fi Faransé bẹ̀rẹ̀, ó wá yí i sí Yorùbá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó ní, "Papa, tí Màámi bá wà, wọn ì bá ti kọ́ mi ní ẹkún ìyàwó." Ẹni tó bá wá láti Òkè Ògùn á mọ ohun tó ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin kì í jáde nílé bàbá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀. Á dúró síwájú àwọn òbí rẹ̀, á fi ohùn arò dágbére, á dúpẹ́, á tọrọ àdúrà, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ, ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe ìwé. Ìyá kò sí. "Ẹ bá mi kọ ọ́," ó ní. "Ṣebí akéwì ni yín."

Háà, orí mi wú! Ohun tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà kò ju ẹyọ kan yìí lọ: kí ọmọ mi dúró nínú àgbàlá wa, kó fi èdè ìyá rẹ̀ dágbére fún mi. Tí kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́ mọ́. Faransé ni yóò máa fi pè mí láti San-Pédro títí màá fi kú.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe mi. Olùkọ́ iléèwé kan ń gbé nínú àgbàlá wa, ọmọ ilẹ̀ ibí ni, a jọ máa ń jẹ àṣẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín lọ́jọ́ Àìkú. Mo bi í ohun tó ń mú kí ewì jẹ́ ewì. Ó ní nínú ewì Faransé ti ayé àtijọ́, ìró méjìlá ló máa ń wà nínú ìlà kan, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Méjìlá! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lórí àga. Iye tí ẹ̀rọ mi ń dún gan-an! Ó tún ní àwọn akéwì òde òní ti já okùn yẹn, pé oníkálukú ń wá ìwọ̀n ara rẹ̀, àwọn míì tiẹ̀ ní ibi tí èémí bá ti tán ni ìlà ti tán. Mi ò gbọ́ apá ìyẹn. Mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹni tí kò lè ka méjìlá, kí ló fẹ́ kà?

Ogójì ìlà ni mo kọ. Iwájú ẹ̀rọ ni mo ti ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá parí kí korobá tó já bọ́, màá fi kún un. Bí korobá bá já bọ́ kí ìlà tó parí, màá gé e. Èyí tó kọ́kọ́ wá nìyí:

Bàbá, mo ń lọ o, ẹ fàdúrà sìn mí.

Ẹ kà á wò. Mẹ́fà, mẹ́fà. Inú mi dùn débi pé korobá méjì já bọ́ sílẹ̀ níwájú mi, tí ọ̀gá wa fi bú mi dáadáa. Kò ká mi lára. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tó yọ mí lẹ́nu, ìlà tó kan ìyá rẹ̀. Bó ṣe kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyí:

Ìyá tó ń pe oríkì mi láràárọ̀, kò sí nílé mọ́.

Méjìdínlógún! Korobá ti já bọ́, òmíràn ti ń bọ̀, mo ṣì wà lórí "láràárọ̀". Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò gbà. Mo wá yọ oríkì kúrò, mo yọ àràárọ̀ kúrò, mo kọ ọ́ báyìí:

Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò sí nílé mọ́.

Méjìlá géérégé. Mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí pé ó ti dáa, mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo lọ sílé.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, òun náà sì ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá dé, a ó jókòó, màá máa fi ìka lu tábìlì, òun á máa sọ ọ́. Kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó kàwé síwájú àlejò. Bó bá fẹ́ fa ohùn, ìka mi á ti lu tábìlì. Bó bá fẹ́ mí, màá ní, "Má dúró! O ti sọ ọ́ nù!" Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi lórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Papa, c'est pas moi, ça. Èmi kọ́ nìyí. Ẹ̀rọ yín ni."

Kí ni mo sọ? Ìbínú mi kì í jìnnà. Mo ní, "Ìyá rẹ ì bá ti mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ kan." Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni mo ti ń wá bí màá ṣe gbé e mì padà. Ó dìde, ó mú fóònù rẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́, kí wọ́n kàn so yìgì, kí òun máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wà nínú ilé kan náà láì sọ ju "bonjour" lọ. Ó ń jẹun nínú yàrá tirẹ̀, èmi náà ń jẹun nínú tèmi, mò ń gbọ́ ṣíbí rẹ̀ lára abọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Mo ń rò ó pé tó bá fi máa tó oṣù kan sí i, ṣíbí yẹn pàápàá mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n wá mú un lọ, kò sì tíì sí ẹkún kankan lẹ́nu rẹ̀.

Ní Attécoubé, lórí òkè tó kọjú sí ọ̀sà, ìyá àgbà kan ń gbé, ọmọ Ìgbòho, tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìyàwó ní ẹkún nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Mo tọ̀ ọ́ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Níwájú ilé rẹ̀ ni mo ti bá a, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú súnbàlá, ìyẹn irú wa, bí àwọn Jula ṣe ń pè é nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ka ogójì ìlà náà fún un látòkè délẹ̀, mo ń fi ìka lu itan mi bí mo ṣe ń kà á. Ó gbọ́ ọ tán, kò gbójú sókè.

"Ó dáa," ó ní. "Ta ló ń lé ọmọ náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, Ìyá."

"Níbo ló ti máa mí? Níbo ló ti máa fi ìborùn nujú? O ò fi àyè sílẹ̀ fún omijé. Ẹni tó ń sunkún kì í ka ìró."

Mo ní ìwọ̀n ló fa èyí. Mo ní méjìlá ni, mẹ́fà, mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu rẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ọmọ mi. Àwa náà ní ìwọ̀n tiwa. Ìlà kan lè kúrú bí ìka yìí, kí èkejì gùn láti ibí dé Adjamé. Tí o bá pe èèyàn nínú ẹkún, wàá dúró kó jẹ́ ọ. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó jẹ́ ọ, bí ìlà rẹ ṣe máa gùn tó nìyẹn. Tún ibi ìyá rẹ̀ kà."

Mo kà á. Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò sí nílé mọ́.

"Ta ni ìyá rẹ̀ kò bí i lọ́mọ?" Ó ju òkúta kan nù. "Èmi náà, ìyá bí mi lọ́mọ. Ewúrẹ́ tó dúró yẹn, ìyá bí i lọ́mọ. Kí ni ìyá tiẹ̀ máa ń ṣe fún un?"

Mo mọ èsì ìbéèrè náà. Mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí, èmi fúnra mi ni mo gé e dànù torí pé korobá já bọ́. Mo sọ fún un bí ìyàwó mi ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe máa ń pe oríkì náà lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń ní "ó ń bọ̀". Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà tó gbójú sókè wò mí.

"Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú," ó ní, "ta ló ń pè é?"

Kò sẹ́ni tó ń pè é. Odindi ọdún mẹ́ta. Mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ yẹn, mo ń ka ìró lórí ìka. Mo sunkún níwájú súnbàlá ìyá àgbà yìí, mi ò tijú. Ó fún mi lómi mu, ó sì ń ṣa òkúta rẹ̀ lọ.

Nínú gbaka tí mo wọ̀ padà ni mo ti rántí apá ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí mi ò fẹ́ gbọ́, pé ibi tí èémí bá ti tán ni ìlà ti tán. Ẹ wò ó, ìyá àgbà tí kò jókòó nínú kíláàsì rí, àti àwọn akéwì òde òní tí mo pè ní ọ̀lẹ, ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Ìwọ̀n ń bẹ lọ́wọ́ wọn, inú àyà ni wọ́n gbé e sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ́tí sí ẹ̀rọ tí kò ní mú ọ̀rọ̀ mi dání lọ síbì kankan, mi ò sì mọ bí ọmọ mi ṣe ń mí. Ìyẹn dùn mí ju ogójì ìlà tó ṣòfò lọ.

Mo délé, mo bẹ ọmọ mi. Bàbá kì í sábà bẹ ọmọ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fi ìyá rẹ̀ sọ. Mo gbé ìwé náà fún un, mo gbé bírò fún un, mo ní kó fagi lé èyí tí kò bá jọ ọ́. Kò tiẹ̀ ṣàánú mi! Ó fagi lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ku mẹ́sàn-án. Mo dá "tó ń pe oríkì mi láràárọ̀" padà sí àyè rẹ̀. Ìyá àgbà wá sílé wa lẹ́ẹ̀mejì wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ohùn, èmi sì lọ jókòó síta, mo ti ọwọ́ bọ àpò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú yìgì, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú ìborùn funfun lórí. Àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé fóònù sókè. Ó bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, mo ń lọ o." Ó dákẹ́, ó mí. "Ẹ fàdúrà sìn mí." Ohùn rẹ̀ ò dán, Faransé ṣì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Ó ń bá a lọ títí ó fi dé ibi ìyá rẹ̀. "Ìyá tó ń pe oríkì mi láràárọ̀..."

Ó dúró. Bóyá ó gbàgbé ni o, bóyá ẹkún ló dí i lọ́nà, mi ò mọ̀. Ojú mi ló ń wò. Èmi náà ti la ẹnu, mo fẹ́ rán an létí ohun tó kàn, kò sí nílé mọ́, kò sí nílé mọ́. Ìyá àgbà fi ìgúnpá gún mi níhà.

"Pè é," ó ní.

Mi ò pe oríkì yẹn rí láyé. Ìyá rẹ̀ ló ni ín. Mo pe oríkì náà lẹ́ẹ̀kan, mo wá dákẹ́. Ó pẹ́. Ẹ ò lè mọ bó ṣe pẹ́ tó. Oòrùn ń wọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù, ọmọ mi sì kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ní, "Màámi, ẹ káàárọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹkún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an, Faransé àti Yorùbá pọ̀, maman, mo ń lọ, ẹ má gbàgbé mi o, Papa, ẹ máa jẹun o, ẹ ṣé o, ẹ ṣé o. Kò tẹ̀lé ìwé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan tó ti kọsẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà, mi ò rántí ohun tí mo sọ. Ohun tí mo ń fẹ́, mo rí i gbà.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé e lọ sí San-Pédro. Mo bá wọn ru ẹrù dé ìdí ọkọ̀, mo juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà. Mo padà wọlé, mo jẹun, mo fọ abọ́ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo múra iṣẹ́, mo kó oúnjẹ mi sínú àpò. Mo mọ̀ pé kò sẹ́nìkan nínú yàrá yẹn. Ojú mi ló ṣe nígbà tí wọ́n tú ibùsùn. Síbẹ̀ mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo pe oríkì rẹ̀, mo wá dákẹ́. Gbaka tí mo máa ń wọ̀ fun fèrè lójú títì, ó lọ. Èkejì náà dé, ó lọ. Mi ò pè é lẹ́ẹ̀kejì.